Alẹ́ Tí Onígìtá Kan Dá Jókòó Sórí Pèpéle

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ náà, ní apá ibi tí mo ti lè rí ọwọ́ ọ̀tún onígìtá náà dáadáa. Òun nìkan ni ó wà lórí pèpéle, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú rẹ̀, kò sì sí onílù tàbí akọrin lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fi ń gbé iṣẹ́ onígìtá yẹ̀ wò ju gbogbo ohun mìíràn lọ. Bí ìka bá ti fi okùn gìtá sílẹ̀ báyìí, ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn. Ẹni tí ó ń fọn fèrè lè fi èémí gbé ohùn ró, ẹni tí ó ń ta fayolíìnì lè fi ọ̀pá fà á títí dé ibi tí ó wù ú, ṣùgbọ́n onígìtá kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọgbọ́n tí ó bá ta sí ikú ohùn yìí ni mo máa ń tẹ́tí sí.

La Catedral ni ó fi bẹ̀rẹ̀, orin tí Agustín Barrios, ọmọ Paraguay, kọ ní ọdún 1921, tí ó sì fi apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ó ń lọ jẹ́jẹ́ kún un ní ọdún 1938. Apá jẹ́jẹ́ yìí gan-an ni ó mú mi lọ́kàn. Ó ń jẹ́ kí ohùn kan rọlẹ̀ dé ìwọ̀n kan kí ó tó mú èyí tí ó kàn jáde, èyí tí ó kàn náà kì í sì í pariwo ju ibi tí ti ìṣáájú rọlẹ̀ dé, tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi so pọ̀ létí mi bí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi èémí kan ṣoṣo sọ. Mo rí ìka tí ó kéré jù ní ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ó ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí okùn kìíní, tí kò kúrò níbẹ̀ títí ohùn náà fi tán pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó kan Recuerdos de la Alhambra, tí Francisco Tárrega kọ. Nínú orin yìí, àtàǹpàkò ni ó ń ta ohùn ìsàlẹ̀, nígbà tí ìka òrùka, ìka àárín àti ìka ìfábẹ̀lá ń ta okùn kan náà tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, kí ó lè dà bí ẹni pé ohùn òkè kò dákẹ́ rárá. Bí ìka kan bá rọ ju àwọn yòókù lọ, àṣírí tú. Ìka àárín rẹ̀ ni ó rọ. Ohùn tí ó yẹ kí ó máa ṣàn wá ń tiro bí ẹṣin tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Bàbá tí ó jókòó tì mí rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ọkùnrin yìí mà yá o!"

Mo ní, "Ó yá lóòótọ́, sà." N kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe yíyá ọwọ́ ni orin náà ń béèrè, ìdọ́gba ìka ni.

Chaconne tí Bach kọ fún fayolíìnì ni ó fi kádìí ètò. Láti ìgbà tí Andrés Segovia, onígìtá ọmọ Spain, ti fi gìtá ta á ní Paris ní ọdún 1935 ni ó ti di òkè tí onígìtá púpọ̀ ń fẹ́ gùn. Láàárín gbùngbùn rẹ̀ ni onígìtá wa gbàgbé ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Àwọn kan mí kanlẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ kúkúrú kan ni ó máa ń padà wá léraléra nínú orin náà, nítorí náà ó dúró dè é, ó sì bá a wọlé. N kò yọ máàkì kankan fún èyí, torí pé ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ni ó lè wá ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ohun tí mo yọ máàkì fún ni okùn kẹfà, èyí tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ dẹ̀ ẹ́ láti orí ohùn tí à ń pè ní E sí èyí tí à ń pè ní D, tí ó rẹlẹ̀ jù ú lọ, kí wọ́n tó ta orin yìí, okùn tí a bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ̀ máa ń fẹ́ padà sókè díẹ̀díẹ̀. Ó yí èèkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí àtẹ́wọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kò sì tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. D sì ni ilé orin náà! Gbogbo ìgbà tí ó bá darí délé ni ohùn náà ń kan díẹ̀ létí mi, ó sì dùn mí gan-an, nítorí pé ohun tí ìṣẹ́jú kan ì bá tún ṣe ni.

Nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi orin kan kún un, ó jókòó, ó fa okùn kẹfà padà sí E, ó sì dúró títí gbogbo ilé fi dákẹ́. Ó fi etí sí i, ó ṣe é díẹ̀, ó tún fi etí sí i. Lẹ́yìn náà ni ó ta ẹ̀kọ́ kékeré kan tí Fernando Sor kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, n kò sì rí nǹkan kan kọ sínú ìwé mi.