Adágún ẹ̀yìnkùlé: ibi tí mo fẹ́ gbẹ́ ẹ sí àti ibi tó padà wà

Bàbá Dámi
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́ ẹ tó sọ tiyín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá gbẹ́ adágún kékeré sẹ́yìnkùlé, mo ti yàwòrán ẹ̀ sínú ìwé, abẹ́ igi tó wà lópin ọgbà ni mo fẹ́ kó wà, kí n máa gbé àga lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí n máa wo ẹja. Àwòrán yẹn dùn ún wò. Àṣé àwòrán kì í lọ síbi iṣẹ́, kò bímọ, ẹ̀yìn ò dẹ̀ lè ro ó.

Ṣọ́bìrì ò tíì wọlẹ̀ jìnnà tó fi kan gbòǹgbò. Mo gé ọ̀kan, méjì yọ. Mo bá jókòó sílẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí ewé rẹpẹtẹ lórí igi, mo ní háà, inú omi ni gbogbo eléyìí máa já sí o, á jẹrà síbẹ̀, á sọ omi di dúdú, ta ló dẹ̀ máa máa kó o, èmi tí mo ń délé lẹ́yìn tílẹ̀ bá ti ṣú? Òṣíbàtà tí mo tún ní màá gbìn, kò ní tanná dáadáa tí kò bá rí oòrùn tó wákàtí 4 sí 6 lójúmọ́. Rọ́bà omi ò dé ibẹ̀. Wáyà iná ò dé ibẹ̀.

Mo wá ní kó sún mọ́ fèrèsé kíṣìnnì. Ìyàwó mi ò bá mi jiyàn, ó kàn nawọ́ sí ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, ó ní "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa máa jókòó tì í?" Mi ò rí nǹkan sọ. Omi tí ò jìn ju ìka mélòó kan lọ lè pa ọmọdé, kò dẹ̀ ní pariwo. Àwọn kan ní kí n fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì tó bá rọ̀, tọ́mọ bá ṣubú lé e, àti nẹ́ẹ̀tì àtọmọ ló máa wọnú omi. Irin tó le ló yẹ.

Bí mo ṣe gba kámú nìyẹn. Ààbọ̀ àgbá ni mo gbé síbẹ̀, mo de irin mọ́ ọn lórí, mo gbin òṣíbàtà kan ṣoṣo. Mo fi okùn yí ibi tí adágún gan-an máa wà ká, mo ní tọ́mọ bá pé ọdún 6 màá gbẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sún okùn yẹn, torí òjò kan rọ̀, mo rí i pé omi orí òrùlé, àárín okùn gan-an ló ń ṣàn gbà.

Ìyá Ìbejì
Tèmi, ẹjọ́ rọ́bà ni, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sínú kòtò kí omi má bàa jò lọ. Kòtò mi gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà 1.5, ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60, mo lọ ra rọ́bà mítà 3 sí 2.5, mo tún ń rò pé ó pọ̀ jù. Mo tẹ́ ẹ, ó wọnú kòtò lọ, etí ẹ̀ ò dé òkè! Mo gbàgbé pé ó máa sọ̀kalẹ̀ lápá kan, á tún gòkè lápá kejì, ìlọ́po méjì jíjìn ẹ̀ lèèyàn ń rò mọ́ gígùn, bẹ́ẹ̀ náà ni fífẹ̀, ẹ tún fi sẹ̀ǹtímítà 30 sí etí kọ̀ọ̀kan. Mítà 3.8 sí 3.3 ni mo padà rà. Ìgbà tí mo wá tú omi sí i ni mo rí i pé ilẹ̀ ò tẹ́jú, apá kan ti fẹ́ kún dànù, apá kejì ṣì ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, rọ́bà dúdú hàn gbangba. Ojú mi ò rí i, omi ló tú mi fó.

Ayálégbé
Onílé wa ní òun ò fẹ́ kòtò, kò dẹ̀ jẹ̀bi. Pákó nínípọn ni mo fi kàn án sórí ilẹ̀, tí mo bá ń kó lọ màá tú u. Ẹja ni mo ti ṣi í ṣe ṣá. Ọjọ́ tí mo rọ omi sí i náà ni mo kó ẹja 6 sínú ẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé ó ku 1. Ìgbẹ́ ẹja ló ń di àmóníà, bakitéríà tó máa pa oró ẹ̀ ò dẹ̀ tíì sí nínú omi tuntun, ó ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Bàbá Dámi, àgbá yín ńkọ́, ẹ̀fọn ò dà yín láàmú?

Bàbá Dámi
Ẹ̀fọn kẹ̀! Lọ́sẹ̀ kejì mo bẹ̀ ẹ́ wò, bí òjìji mi ṣe bọ́ sórí omi ni tanwíji já wọ ìsàlẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ẹja kéékèèké 2 sí i nígbà tí omi ti dàgbà díẹ̀, wọ́n jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Ọmọ ti pé 4 báyìí, tí mo bá wà níbẹ̀ á dojú bolẹ̀ lórí irin yẹn, á máa ka ẹja. Ó ní mẹ́ta ni.