Tí wọ́n bá sun òkú, kí ló máa jíǹde?

ỌmọÌlá:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú ní London lọ́sẹ̀ tó kọjá, àrùn jẹjẹrẹ ni, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé níbẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó ẹ̀ máa ṣí wíìlì ẹ̀, ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé kí wọ́n sun òun, kí wọ́n má náwó gbé pósí òun wálé. Lọ́hùn-ún kì í ṣe nǹkan bàbàrà, nínú òkú mẹ́rin ní Britain wọ́n á sun tó mẹ́ta, àmọ́ màmá wa ní Ìlá ò gbọ́ rárá. Àńgílíkà ni wọ́n látinú oyún, kò sí Sunday tí wọn ò ka "àjíǹde ara àti ìyè àìnípẹ̀kun" yẹn lẹ́nu. Wọ́n pè mí lórí fóònù láàárọ̀, wọ́n ní "ṣé ọmọ mi jalè ni tí wọ́n fẹ́ dáná sun ún? Tí kàkàkí bá dún ńkọ́, ta ló fẹ́ bá mi ṣa eérú jọ?" Mi ò rí nǹkan sọ. Èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì o, lọ́dọọdún ni mò ń kí èèyàn kú ọdún Àjíǹde, Mọ́ńdè ẹ̀ mo ti gbé kúlà lọ síbi fàájì jẹ́ ó di Gálílì, àmọ́ mi ò jókòó ro ohun tọ́rọ̀ náà jẹ́ rí. Friday yìí ni wọ́n fẹ́ sun ún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún màmá?

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn:
Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ọlọ́run á tu màmá nínú. Ẹ bi wọ́n léèrè Latimer àti Ridley. Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ wọn ni àwọn méjèèjì, Oxford ni wọ́n ti dè wọ́n mọ́gi tí wọ́n dáná sun wọ́n láàyè lọ́dún 1555 torí ìgbàgbọ́. Polycarp tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Símínà láyé ìgbà àwọn Kristẹni àkọ́kọ́, iná náà ni. Àwọn tó rì sómi tẹ́ja jẹ ńkọ́? Tí iná bá lè dí Ọlọ́run lọ́wọ́, a jẹ́ pé àwọn ajẹ́rìíkú gan-an ló máa kọ́kọ́ pàdánù, ìyẹn ò sì lè rí bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ Paraku:
Àbúrò, àwọn ará Kọ́ríńtì ti béèrè ẹ̀ kí màmá yín tó béèrè, irú ara wo ni òkú fi ń jí, Pọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ fi sùúrù dá wọn lóhùn, "aláìmòye" ló pè wọ́n lẹ́sẹ̀ kan náà, ó wà ní Kọ́ríńtì Kìíní orí 15. Ohun ọ̀gbìn ló fi ṣàlàyé, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Tí o bá wa iṣu tuntun lóṣù kẹjọ, wo ìdí ẹ̀, wàá rí èbù tí o gbìn lọ́jọ́sí, ó ti rún wọmúwọmú bí àkísà tó wà lómi, tó o bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ omi dúdú á máa ṣẹ́ jáde. Mi ò tíì rí àgbẹ̀ tó jókòó sẹ́bàá poro tó ń sunkún èbù. Àmọ́ gbọ́ o, tó bá jẹ́ ewùrà lo gbìn, o ò lè wa èsúrú níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni wọ́n fẹ́ gbìn, ẹ̀gbọ́n ẹ náà ló máa hù, kì í ṣe ẹlòmíì. Bó ti wù kí èbù rà tó.

Kátíkíìsì Tẹ́lẹ̀:
Ìjọ Àgùdà náà kọ̀ ọ́ láyé àtijọ́ torí àwọn kan ń sun òkú láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ àjíǹde ni. 1963 ni Róòmù ti yọ̀ǹda ẹ̀, tí kò bá ṣáà ti jẹ́ láti fi tako ìgbàgbọ́. Àmọ́ lọ́dún 2016 wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọ́n eérú dà sómi tàbí sáfẹ́fẹ́, kí wọ́n má sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ilé, kí wọ́n sin ín síbi mímọ́. Lójú tèmi kì í ṣe iná ló ń dun màmá yín, àìrí sàréè lọ ni. Ẹ gbé eérú wálé.

Jímọ̀ Ọ̀lọ́rọ̀:
Ẹ má bínú o, ta ló ti lọ tó bọ̀? Baba mi kú, gbogbo wa ń sọ "má jọ̀kùn má jekòló", ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n bí ọmọ kan nílé, wọ́n sọ ọ́ ní Babátúndé. Ọmọ yẹn ò mọ̀ mí rí, bébà tí afẹ́fẹ́ ń gbé ló ń sá tẹ̀ lé.

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn:
@Jímọ̀ ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an ni ìyàtọ̀ ẹ̀. Babátúndé, ayé yìí náà ló padà wá, ó ṣì máa kú. Àjíǹde, ikú ò ní pàdé ẹ mọ́. Ẹ ò sì dá ṣiyèméjì, nígbà táwọn obìnrin wá ròyìn ibojì tó ṣófo, ìsọkúsọ làwọn àpọ́sítélì pè é, Lúùkù 24. Màríà Mágídálénì tiẹ̀ rí Jésù lójúkojú, ó rò pé olùṣọ́gbà ni, ìgbà tó pe "Màríà" ló tó mọ̀ Ọ́n.

ỌmọÌlá:
Mo ka gbogbo ẹ̀ fún màmá lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ èbù yẹn wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní àgbẹ̀ ni baba àwọn. Níbi tí Màríà wà yẹn wọ́n dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Wọ́n wá ní "bó bá ti lè pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́pà, ma mọ̀ ọ́n." Kò sẹ́lòmíì tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ìgbà tó wà ní práìmárì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi má gba inú wíìlì fìyà jẹ àwọn, ká sun ún bó ṣe sọ, àmọ́ ká gbé e wá, àwọn á ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé eérú wọ bàálù?

Kátíkíìsì Tẹ́lẹ̀:
Ẹ gba ìwé ẹ̀rí níbi tí wọ́n bá ti sun ún, pẹ̀lú ìwé ikú ẹ̀, kí ìyàwó gbé e dání, kó má fi sínú ẹrù abẹ́ bàálù. Ohun tí wọ́n bá kó o sí kó má jẹ́ irin o, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò lè rínú ẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ bàálù kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.