"Ajẹ̀wà" nìkan kò tó fún kòkòrò inú oko erèé

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe gbogbo kòkòrò tó ń ba erèé jẹ́ lóko ní "ajẹ̀wà", kí orúkọ náà lè kúrú, kí ọmọ iléèwé sì lè tètè há a sórí. N kò fara mọ́ ọn rárá. Orúkọ tí a bá fún kòkòrò ni àgbẹ̀ fi ń mọ ibi tí yóò ti wá a àti ìgbà tí yóò fín oògùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní erèé ni à ń gbìn, ẹ̀wà ni à ń sè. Ọjà ti da méjèèjì pọ̀, n kò ní jà sí ìyẹn. "Jẹ" tó wà nínú orúkọ náà ni mo ń bá wí, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jẹ.

Ẹ já òdòdó erèé kan láàárọ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò máa sáré kiri níbẹ̀, tí wọn kò gùn tó mìlímítà 2, àwọn ló ń jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ dànù kí ó tó so. Erèé yóò tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ yóò bo ilẹ̀, síbẹ̀ kò ní sí ohun tí a ó ká. Òmíràn tún wà tó nírun lára, ìta èso ló máa ń dúró sí, tí yóò ti ẹnu bọ inú rẹ̀ láti mu oje. Ẹ kò ní rí ihò kankan, àfi ìgbà tí ẹ bá la èso náà tí hóró inú rẹ̀ ti hunjọ.

Ìdin ló ń dá ihò. Ọmọ àfòpiná kan ni, Maruca ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó máa ń ta òwú so òdòdó, ewé àti èso pọ̀, a sì máa jẹ inú wọn. Ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ihò ni a fi ń dá a mọ̀.

Ní 2019, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí SAMPEA 20-T, erèé tí àwọn onímọ̀ ní Zaria ṣiṣẹ́ lé lórí, tó ní jíìnì, ìyẹn èròjà àbùdá, láti ara bakitéríà Bacillus thuringiensis. Ìdin Maruca tó bá jẹ ẹ́ yóò kú. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ́ ajẹ̀wà, "erèé tí ajẹ̀wà kò lè bà jẹ́" ni a ó túmọ̀ àlàyé erèé yìí sí ní Yorùbá. Àgbẹ̀ tó bá ka èyí kò ní fín oògùn nígbà tí òdòdó bá yọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni jíìnì náà kò ran kòkòrò inú òdòdó, kò ran èyí tó ń mu oje, kò sì ran èyí tó ń lu hóró nínú àpò, tó jẹ́ pé láti oko ló ti ń yé ẹyin sára erèé gbígbẹ. Owó àgbẹ̀ ni yóò bá àṣìtúmọ̀ yẹn lọ.

Fún ìdin yẹn, mo dábàá "ìdin adáhò". Fún èyí tó ń mu oje, "amuje".

"Iná erèé" tí ẹnìkan mú wá fún àwọn kòkòrò dúdú dídán tó ń bo ọ̀mùnú, tí èèrà ń tẹ̀lé nítorí omi dídùn ara wọn, tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Wọ́n ní yóò rú àwọn ènìyàn lójú pẹ̀lú iná tó ń jó. Kò lè rú wọn lójú: a ń sọ iná orí lójoojúmọ́, iná a máa jó oko, iná erèé a máa bo erèé.

Ti inú òdòdó ló kù. "Ajòdòdó" kò yà á sọ́tọ̀, ìdin náà ń jẹ òdòdó. Mo ro "apatànná", ṣùgbọ́n etí lè gbọ́ ọ bí ẹni tó ń pa iná tí a tàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbátan tó ń gbin erèé ní Òkè-Ògùn, ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n: kí ni wọ́n ń pè é lóko?