Ìmọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ pá mi lórí ní Zaria, ṣé kí n yí ẹ̀ka padà?

Ọmọ Kubwa:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kubwa ni àwọn òbí mi ń gbé, Zaria ni mo ti ń kàwé, ọdún kìíní, ẹ̀ka iná mànàmáná. A1 ni mo gbà nínú ìṣirò WAEC. Èsì ìdánwò àárín sáà MTH 101, kọ́ọ̀sì ìṣirò wa, wá jáde, 9 nínú 30 ni mo rí. Kí ìlà kejì tó yé mi lójú pátákó, olùkọ́ ti dé ìlà kẹwàá. Àwòrán ẹ̀rọ tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ti ilé-ìwé tẹ́kíníkà wá ti mọ̀ ọ́n, èmi ò di T-square, rúlà gígùn tó rí bíi T tí wọ́n fi ń yàwòrán, mú rí. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn kí n lè rówó jẹun, ìwé kíkà á wá di òru. "Ẹ́ńjìníà" ni bàbá mi ń pè mí lórí fóònù, mi ò sì tíì lè sọ èsì yìí fún wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tètè wá ẹ̀ka míràn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Kaduna:
Àbúrò, fara balẹ̀. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ ná. 9 ti wà lọ́wọ́ rẹ, 70 ti ìdánwò ìparí sáà ṣì ń bọ̀. Bí o bá rí 41 nínú 70 yẹn, o ti ní 50, C nìyẹn. Bí o bá rí 51, B ni. A gan-an kò tíì bọ́, àmọ́ 61 nínú 70 kì í ṣe eré. Nínú kọ́ọ̀sì oní-unit 3, C á fún ọ ní 9 (3 lọ́nà 3), A ì bá fún ọ ní 15 (5 lọ́nà 3). Bí gbogbo unit rẹ ní sáà yìí bá jẹ́ 20, 6 tó dín yẹn kò ju 0.3 lọ nínú GPA rẹ, ìyẹn ìpíndọ́gba èsì sáà rẹ. F lo ní láti sá fún, torí òdo ló ń gbé wá, o ó sì tún kọ́ọ̀sì náà ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ ọdún kejì lọ́rùn.

Bí a ṣe ń ka ìṣirò níbí yàtọ̀. Pa ìwé dé, mú bírò, kí o tún ìbéèrè tí olùkọ́ ṣe ní kíláàsì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìyọjú wò ó. Ibi tọ́wọ́ rẹ bá ti dúró ni kò tíì yé ọ, ibẹ̀ gan-an ni kí o gbé lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ yín ni kí o ṣe é, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá náà dára, bí o kò bá ti há ìdáhùn rẹ̀ sórí.

Mo fẹ́ kí o mọ ìdí tí wọ́n fi ń da ìṣirò bò yín. Iná tó ń gba inú kapásítọ̀ (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ) kọjá dá lórí bí voltage, agbára tó ń ti iná, ṣe ń yára yí padà, differentiation nìyẹn. Iná AC tó ń wọlé wa, complex number, nọ́ńbà alápá méjì, ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Bí o bá ní o fẹ́ sá lọ bá àwọn tó ń kọ́ afárá, integration, òdìkejì differentiation, ni wọ́n fi ń ti orí shear force (agbára tó fẹ́ gé igi afárá) dé orí bending moment (agbára tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́). Kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìṣirò kò ní bá ọ níbẹ̀.

Ọdún Kẹrin, Minna:
Àwòrán ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ mú èmi náà lómi. Pẹ́ńsù 2H ni kí o fi fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́, kí o wá fi HB tẹ èyí tó máa hàn. First angle àti third angle, ọ̀nà méjì tí a ń gbà to àwòrán iwájú, òkè àti ẹ̀gbẹ́ nǹkan kan sórí pépà, ló máa ń da àwọn èèyàn rú: ní first angle, ìsàlẹ̀ àwòrán iwájú ni wọ́n ń fi àwòrán òkè sí, ní third angle, òkè rẹ̀ ni. Bí ojú inú rẹ kò bá rí nǹkan náà, ra ọṣẹ gígùn kan, fi ọ̀bẹ gé e bí àwòrán inú ìbéèrè, kí o máa yí i wò lọ́wọ́. Ó ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Wá èèyàn méjì mẹ́ta tẹ́ ẹ jọ máa yà á. Àwọn ọmọ tẹ́kíníkà yẹn gan-an ni kí o bẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Gwagwalada:
Ọmọ mi, pe bàbá rẹ lónìí. Ẹni tó ń pè ọ́ ní Ẹ́ńjìníà kò ní sọ ọ́ nù torí ìdánwò kan. Ní ti lẹ́sìn yẹn, ṣé o ti béèrè owó àyáwó NELFUND, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́? Kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, ₦20,000 lóṣù sì wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè owó ìtọ́jú ara. Gbèsè ni ṣá o, ẹ jọ jókòó sọ ọ́ nílé kí o tó buwọ́ lù ú. Kí o sì ra súwẹ́tà, ọyẹ́ Zaria kì í ṣe ti Abuja rárá.

Bàbá Ṣadé, Kano:
Mi ò ní sọ pé ẹni tó bá yí ẹ̀ka padà ṣẹ̀. Bi ara rẹ léèrè: ṣé ìṣirò ni kò yé ọ, àbí iṣẹ́ iná gan-an ni kò wù ọ́? Bó bá jẹ́ pé kò wù ọ́, ọdún márùn-ún pọ̀ jù láti fi tẹ́ ẹlòmíràn lọ́rùn. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, èsì ọdún kìíní ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbà ọ́ sí ẹ̀ka míràn. Bí o bá fẹ́ lọ, bí o bá fẹ́ dúró, o ṣì ní láti yege MTH 101.

Ọmọ Kubwa:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin òbí mi. Iṣẹ́ iná wù mí, láti kékeré ni mo ti ń tú rédíò. Mo ti pe bàbá mi. Wọ́n ní kí n dín lẹ́sìn náà kù, àwọn á máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ títí a ó fi mọ èyí tí a máa ṣe nípa àyáwó. Ẹ̀gbọ́n Minna, bọ́ọ̀dù ìyàwòrán tuntun wọ́n jù fún mi, níbo ni mo ti lè rí àlòkù?

Ọdún Kẹrin, Minna:
Lọ bá àwọn ọdún kẹta ní ẹ̀ka rẹ, ọ̀pọ̀ wọn kò lò ó mọ́. Wo etí rẹ̀ dáadáa kí o tó sanwó: bí kò bá tọ́, T-square kò ní rìn geere lórí rẹ̀.