Nǹkan funfun lára ewúro mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀gbìn. Ẹ má bínú bó bá gùn díẹ̀.

Ewé ewúro ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn ti ń ká kò. Tí mo bá yí i padà, nǹkan funfun bí òwú ló lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó ti dúdú, èèrà ò sì kúrò níbẹ̀.

Mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo da eérú sí i. Ó lọ, ó tún padà. Oògùn apakòkòrò ń bà mí lẹ́rù, torí ewé tá à ń jẹ ni.

Ṣé kí n gé e dé ìdí kó tún hù, àbí omi ewé dóńgóyárò á ká a? Mo dúpẹ́ sílẹ̀.