Ẹ̀gbọ́n mi ní kánsà próstéètì, ṣé kí èmi náà lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì?

Bàbá Ìbejì, Ṣómólú:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi gan-an, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn ní ọsibítù pé kánsà próstéètì, ẹran kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ló ń ṣe wọ́n, ó sì ti wọ egungun ẹ̀yìn wọn. Ó pẹ́ tẹ́yìn ti ń dùn wọ́n, gbogbo wa là ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ìyá alágbo ló ń tà fún wọn láràárọ̀. Èmi ti pé 46, mò ń tọ̀ dáadáa, kò síbi tó ń dùn mí. Ìyàwó mi ní dandan ni kí n lọ ṣàyẹ̀wò. Àwọn tá a jọ ń tẹ̀wé níbí ní kí n má dá a lóhùn, pé ẹni tára ẹ̀ yá kì í gbé ara ẹ̀ lọ fún dókítà, pé ìka ni wọ́n máa tì bọ̀ mí nídìí. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, Ọlọ́run á wo ẹ̀gbọ́n wa sàn. Tìyàwó yín ni kẹ́ ẹ gbọ́ o. Kánsà yìí kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ìtọ̀ má yí padà rárá, ìgbà tí egungun bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í dunni ó ti kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń mú jù, ẹni tí bàbá ẹ̀ tàbí ọmọ ìyá ẹ̀ bá sì ti ní in, ó tún rọrùn sí i kó mú òun náà. Irú yín ò gbọ́dọ̀ dúró di 50, láti 40 sí 45 ló ti yẹ kẹ́ ẹ bá dókítà sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà lápá, PSA ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà lèsì ẹ̀, tó bá ga ni wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò síwájú. Ti ìka yẹn ò tó ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ò bá sì fẹ́ ẹ, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má bá ìyàwó yín sùn fún ọjọ́ méjì ṣáájú, torí ó lè gbé nọ́ńbà yẹn sókè.

Ọmọ Mushin:
Ṣé kò sí àgbo tàbí fàítámì téèyàn lè máa lò kó má wá rárá? Wọ́n ń tà á nínú mọ́tò.

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀ Èkó:
Kò sí o, àbúrò mi. Wọ́n dán Vitamin E wò lára ọkùnrin tó ju 35,000 lọ ní Amẹ́ríkà àtàwọn ìlú míì, nígbà tó fi di 2011 èsì jáde pé àwọn tó ń lò ó gan-an ni kánsà yìí pọ̀ jù lára wọn. Ẹ tọ́jú owó yẹn fún tẹ́ẹ̀sì.

Tísà Yábàá:
Ẹ jẹ́ n fi kan kún un, kẹ́rù má bàa ba Bàbá Ìbejì. PSA ti bàbá mi ga, ilé wa dàrú, màmá mi ò lè jẹun, àṣé próstéètì tó kàn wú torí ọjọ́ orí ni, oògùn ni wọ́n ń lò títí dòní. Kòkòrò inú ìtọ̀ náà máa ń gbé e sókè. Àfi tí wọ́n bá bu ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò ni wọ́n tó lè sọ pé kánsà ni. Tó bá sì jẹ́ òun náà, ṣebí 2001 ni wọ́n rí i lára Mandela, wọ́n tọ́jú ẹ̀, 2013 ló tó kú lẹ́ni ọdún 95, kì í sì í ṣe òun ló pa á.

Bàbá Ìbejì, Ṣómólú:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà ni màá lọ. Àbúrò wa ọkùnrin kan wà ní Ìkòròdú, ó ti pé 41, mo ti pè é pé ká jọ lọ, ó ní òun á rò ó, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀ ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ ó ní ọjọ́ wo.