Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè pò fún ọgbọ̀n àlejò nínú ilé?

Ìyàwó Ilé, Bódìjà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí gbogbo yín o. Ọkọ mi á pé ogójì ọdún ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. A ò gba họ́ọ̀lù, inú ilé wa náà la ti fẹ́ ṣe é, láti aago mẹ́rin títí di bíi mẹ́jọ alẹ́. Àlejò ò ní ju ọgbọ̀n lọ. Mo ti rí ẹni tó máa sun súyà àti ẹni tó máa se ìrẹsì, ohun mímu nìkan ló kù. Gbogbo òde tí mo ń lọ, mínírà inú ike àti bíà náà ni wọ́n ń gbé kalẹ̀. Mo fẹ́ kí tiwa yàtọ̀ díẹ̀, kí n po nǹkan méjì mẹ́ta sínú jọ́ọ̀gì, kí oníkálukú máa bù ú fúnra rẹ̀. Mi ò lówó tí mo máa fi gba oníbáà.

Ibi tó ti dí mi lọ́wọ́ ni pé àwọn àlejò yìí ò rí bákan náà. Alhaja ni ìyá ọkọ mi, wọn kì í fẹnu kan ọtí. Pásítọ̀ àdúgbò wa ń bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi níbi iṣẹ́ kì í kọ jíìnì. Ọmọdé bíi mẹ́jọ á sì wà níbẹ̀. Iná àdúgbò wa ò ṣeé gbójú lé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè pò tí kò ní gba agbára, tí ojú ò sì ní tì mí?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, o kú ìmúra. Àṣeyọrí ni o máa ṣe.

Sóbò ni kó o fi ṣe ìpìlẹ̀. Kò wọ́n, tẹrú tọmọ ló ń mu ún. Ra kóńgò kan ní ọjà Bódìjà níbẹ̀ yẹn, á tó lítà 8. Fi omi tútù ṣàn án kíákíá lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí iyanrìn rẹ̀ ń fara pamọ́. Ìkòkò tí kì í ṣe ti alumí ni kó o lò, torí sóbò kan, ohun kíkan sì máa ń jẹ alumí. Gún atalẹ̀ tó pọ̀, ju kànáfùrù bíi mẹ́wàá sí i, kó èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tó o ti fọ̀ dáadáa sí i. Má ju èèpo yẹn nù o, òórùn ibẹ̀ ló ń mú sóbò yàtọ̀. Bó bá ti hó fún ìṣẹ́jú 15, gbé e sọ̀, bò ó títí á fi tutù, kó o tó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Ó gbọ́dọ̀ tutù tán kó o tó tọ́ ọ wò fún ṣúgà, nítorí bó bá gbóná, o ò ní mọ bó ṣe dùn tó.

Ọjọ́ Ẹtì ni kó o sè é. Bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àwo áìsì, kó dì. Áìsì sóbò ni wàá máa jù sínú ife sóbò, bó bá yọ́, kò ní sọ ọ́ di omi.

Oníbáà Tẹ́lẹ̀, Èkó

Ìyàwó wa, ẹ kú ìmúra. Ọ̀rọ̀ Mama pé. Èkejì ni Chapman, kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n. Fún jọ́ọ̀gì ńlá kan: Fanta ìgò 50cl méjì, Sprite ìgò 50cl méjì, ìdajì ife omi ṣúgà pupa tí wọ́n ń pè ní grenadine. Bí ẹ ò bá rí i, Ribena ń ṣe é dáadáa. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan, kùkúḿbà tí ẹ gé pẹlẹbẹ, áìsì. Ẹ má tètè ṣí mínírà yẹn o. Ìgbà tí àlejò bá ti jókòó ni kí ẹ dà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìhó rẹ̀ á ti lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Angostura, bítà tí à ń kán sí Chapman, ọtí wà nínú rẹ̀, ó sì le ju jíìnì mìíràn lọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 45 nínú 100. Ìkán márùn-ún nínú jọ́ọ̀gì odindi kò lè pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ní kó má fẹnu kàn án, kì í ṣe àwa la máa bá a pinnu pé ó kéré. Mo ti gbé e fún àwọn Alhaji rí láìsọ, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ẹ yọ bítà kúrò nínú ti Alhaja. Ẹ fún èèpo ọsàn sí i dípò rẹ̀, kíkorò rẹ̀ jọra.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ohun tí bọ̀dá sọ yẹn. Nígbà tí à ń kó ọmọ mi kejì jáde, mo po bàrà olómi, ọ̀pẹ̀yìnbó àti omi ọsàn sínú abọ́ ńlá kan, mo sì da ìgò fódíkà kan sí i. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀. Àǹtí ìyá mi, tí wọn ò mu ọtí láti ìgbà tí wọ́n ti ti Mẹ́kà dé, mu ife méjì. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá ni wọ́n di àga mú. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Kí lo fi síbẹ̀, ọmọ mi?" Ojú wọn ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi.

Látìgbà náà, ọtí kì í wọ abọ́ tí gbogbo èèyàn ń bù. Ìgò á wà lórí tábìlì tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á dà á sínú ife ara rẹ̀. Ẹ rántí àwọn ọmọ mẹ́jọ yẹn náà. Ohun pupa ni gbogbo ohun pupa lójú wọn.

Ará Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Aládùúgbò wa kan níbí tó jẹ́ ará Barbados kọ́ mi ní tiwọn. Orin kékeré ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀: kíkan kan, dídùn méjì, líle mẹ́ta, ẹ̀rọ̀ mẹ́rin. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kíkan, ṣúgà tí a fi omi gbígbóná yọ́ ni dídùn, róòmù ni líle, omi àti áìsì ni ẹ̀rọ̀. Ife kan náà lẹ máa fi wọn gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fi tíì tútù tí kò ní mílíìkì rọ́pò róòmù, àwọn tí kì í mutí náà á gbádùn ẹ̀.

Ìyàwó Ilé, Bódìjà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò ọkọ mi ní òun á gbé ògógóró wá nínú kẹ́ẹ̀gì, pé ká fi po sóbò fún àwọn ọkùnrin. Ṣé ó dáa?

Oníbáà Tẹ́lẹ̀, Èkó

Ẹ má gbà á, àfi bí ẹ bá mọ ẹni tó pọn ọ́n. Mi ò bá ògógóró jà, òun ni bàbá mi mu dàgbà. Àmọ́ ní 2015, ògógóró tí methanol, ẹ̀yà ọtí kan tó jẹ́ májèlé, wọ̀ pa èèyàn tó lé ní mẹ́wàá ní Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Òǹdó. Kò sí bí ojú tàbí imú ṣe lè dá a mọ̀. Ẹ ra jíìnì tí wọ́n lẹ̀ pa, ìgò 75cl méjì. 5cl fún ife kan, ìgò kan á pín sí ife 15. Ẹ fi ife kékeré tó gba 5cl wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú dá a. Sóbò 15cl, ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, ó parí.

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Píọ̀ wọ́tà tó ti dì ni kó o fi tẹ́ ìsàlẹ̀ kúlà, á mú ìgò tutù. Má tú u sínú ife o, wo bí ara ọ̀rá rẹ̀ ṣe máa ń rí. Áìsì inú ife ni kó o ṣe lọ́tọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, nígbàkígbà tí iná bá dé.

Ìyàwó Ilé, Bódìjà

Mo ti dé ọjà Bódìjà láàárọ̀ yìí, mo ti ra kóńgò kan. Tábìlì méjì ni màá tò. Ti ọtí á wà lẹ́yìn ilé lọ́dọ̀ onísúyà, ti sóbò àti Chapman tí kò ní bítà á wà ní pálọ̀. Alhaja ti ní àwọn fúnra àwọn ló máa sẹ́ sóbò náà.